Bí Àgbà Bá Tún Padà Sórí Gàárì

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ènìyàn ń fi ọwọ́ èwe mú tí ó sì ń fi ọwọ́ àgbà sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó kórìíra rẹ̀, bí kò ṣe pé iṣẹ́ dé, aya dé, ọmọ dé, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ dé, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́, títí ohun tí a ti ń ṣe lójoojúmọ́ rí fi di ohun tí à ń fi ẹnu lásán ròyìn fún àwọn ọmọ wa lálẹ́. Ijó wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìjàkadì wà nínú rẹ̀, ìlù lílù wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni eré tí ó ní ewu, èyí tí ẹsẹ̀ ènìyàn fi ń kúrò nílẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé bí ó bá yẹ̀, egungun ni yóò san gbèsè rẹ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni a kì í retí pé kí ẹni tí irun rẹ̀ ti funfun tún padà sí. Síbẹ̀ àwọn kan ń padà sí i. Ní Parakou níbí, bí oṣù àjọ̀dún Gààní bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ó rí wọn: ọkùnrin tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Kútọ̀nu, oníṣòwò tí ó ti pẹ́ ní Èkó, olùkọ́ tí ó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ di ọ̀gá, wọn yóò dé sí ilé baba wọn, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò kí ará kí ọ̀rẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lábẹ́lẹ̀ pé ta ni ó ní ẹṣin tí ara rẹ̀ tutù díẹ̀.

Àwọn baba wa ní ẹṣin kì í dani kí á má tún un gùn. Ẹni tí ẹṣin da lánàá tí ó tún gùn ún lónìí ni òwe náà ń bá wí. Kò ní ohun púpọ̀ láti sọ fún ẹni tí ẹṣin kò da, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, tí ó rin ọ̀nà jíjìn lọ, tí ó wá fẹ́ gùn ún lẹ́yìn ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti bímọ. Lójú tèmi, ọ̀ràn ẹnì kejì yìí le ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tí ó ṣubú lánàá mọ ohun tí ó bì í ṣubú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ògo kò mọ ohun tí ọdún ti yọ́ gbà lọ́wọ́ òun.

Kí àlejò má bàa béèrè pé kí ló kan ará Parakou kan ẹṣin, ní ìlú tí ojú irin láti Kútọ̀nu dópin sí, tí alùpùpù gba títì kan, tí àwọn ọmọ yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 2001 kò mọ ohun ìrìnnà mìíràn, ó yẹ kí n sọ irú ilẹ̀ tí a wà. Ilẹ̀ Borgu ni, ilẹ̀ àwọn Baatonu tí àwa Yorùbá ń pè ní Bàrìbá, ilẹ̀ tí ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà pín sí méjì, tí Nikki àti Kandi fi bọ́ sí Bẹ̀nẹ̀, tí Busa àti Kayama sì bọ́ sí Nàìjíríà. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí igbó ti dí tí òjò sì pọ̀, eṣinṣin tsetse ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, ó sì ń kó àrùn sí i lára tí ń mú ẹran náà gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú, èyí ni kò jẹ́ kí ẹṣin rọ́wọ́ mú ní ẹ̀bá òkun láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀dàn tiwa, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn tí koríko sì ń gbẹ, ẹṣin ń gbé, ó ń bí, ó sì di òpó ìjọba. Àwọn Wasangari, ìdílé ọlọ́lá tí ń jọba ní Borgu, orí ẹṣin ni ọlá wọn jókòó sí. Ọmọ aládé tí kò mọ ìjánu í fà dàbí ẹni tí kò mọ orúkọ baba rẹ̀.

Gààní ni ọjọ́ ńlá wọn. Oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń kà á, ó sì máa ń bọ́ sí àkókò kan náà pẹ̀lú àjọ̀dún ìbí Ànábì tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe, nítorí náà lọ́dọọdún ni ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí. Nikki, tí ó fi ohun tí ó lé ní 100 kìlómítà jìnnà sí Parakou, ni orísun rẹ̀. Níbẹ̀ ni Sina Boko, ọba Nikki, ti ń gun ẹṣin jáde lọ kí àwọn baba ńlá rẹ̀ ní àwọn ibi mímọ́ ìlú, tí kàkàkí ń fọhùn níwájú rẹ̀, tí ìlù tí kì í dún lójoojúmọ́ ń dún. Níbẹ̀ náà ni Gnon Kogi, ọmọbìnrin ọba tí ó ń jẹ oyè náà, ti ń fá irun àwọn ọmọ aládé tí wọ́n sì ń gba orúkọ tuntun.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń fa àwọn àgbà wọ̀nyí padà wá sílé ni eré ẹṣin. Ẹlẹ́ṣin yóò fà sẹ́yìn títí dé ìpẹ̀kun pápá. Aṣọ aláràbarà bo ẹṣin rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí ìrù, awọ pupa àti idẹ sì ń dán níwájú orí ẹran náà. Lójijì yóò tú u sílẹ̀. Pátákò yóò máa lu ilẹ̀, eruku pupa yóò gbéra, àwọn obìnrin yóò ta igbe ìyìn, ẹlẹ́ṣin yóò sì máa bọ̀ tààrà síwájú ọba bí ẹni tí kò tún ní dúró láyé. Ìgbà tí ó bá ku ìwọ̀nba kékeré ni yóò fa ìjánu, ẹṣin yóò bẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, yóò gbé ti iwájú sókè, ẹlẹ́ṣin yóò sì na ọwọ́ kan sókè láti kí Kábíyèsí. Inú ìdúró yẹn ni gbogbo ìmọ̀ ẹṣin gígùn wà. Ọmọdé tí ó láyà lè mú ẹṣin sáré. Kí a dá a dúró níbi tí a fẹ́, láìfa ẹnu rẹ̀ ya, láìfò kọjá orí rẹ̀, iṣẹ́ àgbà ni.

Kí Yorùbá tí ń ka ìwé yìí ní Ìbàdàn tàbí ní Kétu má sì ṣe rò pé ọ̀ràn àjèjì ni mò ń dá sí. Nígbà tí Nupe lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, Borgu ni Ikú Bàbá Yèyé sá wá, ilẹ̀ Borgu ni ó sì ti wàjà. Nígbà tí ìran rẹ̀ sì tẹ ìlú dó sí Ìgbòho, àkókò Aláàfin Orompọ̀tọ̀ ni àwọn òpìtàn kan ń ka dídìde ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ sí, ẹgbẹ́ tí ó wá di ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ọ̀dàn títí dé Dahomey. Ní nǹkan bí ọdún 1835, nínú ogun tí a ń pè ní ogun Ẹlẹ́duwẹ̀, Aláàfin Olúewu àti ọba Nikki kó ẹlẹ́ṣin wọn pọ̀ láti kojú Ìlọrin, àwọn ọba méjèèjì kò sì padà sílé. Ẹni tí ó bá sì dé Kútọ̀nu lónìí yóò rí Bio Guéra lórí ẹṣin, ère gàgàrà tí a ṣí ní 2022 nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ Borgu tí ó bá Faransé jà títí wọ́n fi pa á ní oṣù kejìlá 1916 ni.

Èmi náà wà lára àwọn tí mo ń sọ. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ẹni tí ó jẹ́ Baatonu láti ìta dé inú, ni mo ti kọ́ ẹṣin nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey, kí iṣẹ́ tó gbé mi lọ sí ẹ̀bá òkun, níbi tí mo ti lo agbára ara mi tán. Nígbà tí mo padà dé, tí mo sì tún rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin pupa kan ní etí ìlú lójú ọ̀nà Nikki, ohun kìn-ín-ní tí ó yà mí lẹ́nu ni bí ara kì í ṣe gbàgbé. Mo ti ẹsẹ̀ bọ irin gàárì, gìgísẹ̀ mi lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mú okùn ìjánu, ìka mi pín in bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe pín in fún mi. Itan mi mọ ibi tí ó yẹ kí ó fún. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ohun kejì kò pẹ́ kí ó tó dé. Ẹṣin rí àpò ọ̀rá kan tí afẹ́fẹ́ gbé, ó yẹ̀ sí apá òsì. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe, ọwọ́ mi náà mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe é, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣe é. Ibi tí ewu àgbà tí ń padà wà gan-an nìyẹn. Ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n, yóò rọra. Àgbà ní ìmọ̀ tí ó ti gbó, nínú ara tí kò lè jíṣẹ́ ìmọ̀ náà mọ́ ní àkókò tí a rán an.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú ẹṣin náà lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Ó ti de gàárì tán, mo sì ti gbé ẹsẹ̀ láti gùn ún ní òwúrọ̀ kan, nígbà tí ó fi ọwọ́ gbá mi ní apá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gùn ún,” ni ó wí. “Ó ṣì gba afẹ́fẹ́ sínú.”

Ẹṣin tí ó gbọ́n, bí ó bá ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ fún gàárì mọ́ òun lára, a máa fa èémí sínú, ikùn rẹ̀ a sì wú, ọ̀já tí ó gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá a wá dàbí èyí tí ó le tán. Bí wọ́n bá ti fà á rìn díẹ̀, a mí èémí náà jáde, ọ̀já a dẹ̀. Ẹni tí ó bá gùn ún báyìí kò ní mọ nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tí ẹṣin bá ń rìn tààrà, ọjọ́ tí ó bá yà lójijì ni gàárì yóò yí bọ́ sábẹ́ ikùn, tòun ti ẹni tí ó jókòó lé e. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fà á rìn yípo ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí wọn yóò ti ìka méjì bọ abẹ́ ọ̀já wò, tí wọn yóò sì tún un fún. Nígbà tí a wà ní ọmọkùnrin, bí gàárì bá yí, a ó fò bọ́ sílẹ̀, a ó gbọn eruku nù, a ó sì rẹ́rìn-ín. Itan ẹni ọgọ́ta ọdún tí ó bá kán kì í tètè jinná, òmíràn kì í sì jinná rárá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀: mo sọ ẹsẹ̀ mi kalẹ̀, mo sì dúró títí ó fi fà á rìn tán.

Nítorí ọ̀já ikùn yìí ni ọkàn mi ṣe ń lọ sọ́dọ̀ àwọn kan tí ìlú wọn jìnnà sí tiwa, àwọn tí ń padà sí eré tí ó léwu ju ẹṣin lọ. Ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Ọsirélíà, àwọn ènìyàn wà tí ń so ara wọn kọ́ sábẹ́ apá ńlá kan, aṣọ tí a ta sórí ọ̀pá alumíníọ̀mù, tí wọ́n ń sáré lọ sí etí òkè, tí ilẹ̀ ń tán lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń fò láìní ẹ́ńjìnnì. Ara ẹni tí ó so rọ̀ náà ni ìjánu rẹ̀: bí ó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, yóò fa ara rẹ̀ sọ́tùn-ún lórí ọ̀pá tí ó wà níwájú rẹ̀, bí ó bá fẹ́ yára, yóò fa ọ̀pá náà mọ́ra, bí ó bá fẹ́ balẹ̀, yóò tì í sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní àkókò tí ó tọ́, apá yóò dúró nínú afẹ́fẹ́, yóò sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Èyí náà, inú ìdúró ni ìmọ̀ rẹ̀ wà.

Otto Lilienthal, ará Jámánì, ni baba ńlá wọn. Ó lé ní 2000 ìgbà tí ó fi apá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fò láti orí òkè, kí ó tó já bọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1896, tí ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Irú apá tí àwọn ti òde òní ń lò wá láti ọ̀dọ̀ Francis Rogallo, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, tí òun àti Gertrude ìyàwó rẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1948, aṣọ fèrèsé ilé ìdáná wọn ni wọ́n sì gé fi rán an. Ní 1963 ni John Dickenson, ní ìlú Grafton ní Ọsirélíà, ṣe èyí tí ènìyàn lè so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi fà á gòkè. Láàrin 1970 sí 1980 ni àwọn ọ̀dọ́ rọ́ wọ inú eré náà, púpọ̀ nínú wọn sì kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n níyàwó tí wọ́n sì bímọ. Àwọn yẹn ni ó ń padà báyìí, pẹ̀lú ewú lórí, tí wọ́n ń tú apá àtijọ́ sílẹ̀ láti òkè àjà ilé.

Ohun tí wọ́n bá ti yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Apá ti ìgbà náà, bí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní mítà 1, bóyá ni ó fi ń lọ síwájú ju mítà 4 lọ. Èyí tí ó dára jù lónìí ń lọ tó mítà 15. Apá àtijọ́ a máa doríkodò nígbà mìíràn, aṣọ rẹ̀ a máa gbọ̀n láìgba afẹ́fẹ́ mọ́, ẹni tí ó bá sì bá a lọ bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀nà àbáyọ. Ikú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni ó kọ́ àwọn tí ń ṣe apá ní ọgbọ́n tí wọ́n fi tún un ṣe, tí wọ́n sì fi ń dán apá tuntun wò kí wọ́n tó tà á. Yàtọ̀ sí èyí, oòrùn ń jẹ aṣọ. Apá tí ó ṣì ń dán lójú lè ti di ohun tí ìka lè ya, ẹni tí ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ó wà ní titun ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ojú ìrántí ni ó fi ń wò ó.

Ohun tí ó wú mi lórí jù lọ ni èyí tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó sáré. Ẹni tí yóò fò yóò gbé apá rẹ̀ dúró, ẹlòmíràn yóò di imú apá náà mú, òun yóò sì tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú aṣọ ìsorọ̀ rẹ̀, yóò so rọ̀ níbẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí ilẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè fi ojú rí i pé ìkọ́ ti kọ́. Àwọn tí kò ṣe é ti sáré kúrò létí òkè rí pẹ̀lú ọwọ́ nìkan lórí ọ̀pá. Ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ náà ni àwọn mìíràn nínú wọn, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́: wọ́n mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi wò ó mọ́.

A kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀ ní Parakou. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ènìyàn lójú ọ̀run láìjìnnà sí wa lè lọ sí Ghana ní àkókò Àjíǹde, sí òkè Odweanoma ní Kwahu, níbi tí wọ́n ti ń fò lábẹ́ agbòòrùn aṣọ láti 2005. Tiwa ni àwòdì. Ní ọ̀sán gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná tí afẹ́fẹ́ sì ń gbéra láti orí páànù ọjà Arzeke, ẹ ó rí i tí ó na apá tí kò sì gbọ̀n ọ́n, tí ó ń yí po, tí ó ń ga sí i. Afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn kan náà ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń wá kiri.

Ẹ̀yà ènìyàn méjì ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà tí ń padà yìí yé. Àwọn kan ní kí àgbà jókòó jẹ́ẹ́, kí ó máa jẹ obì, kí ó má fi ara ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn wọ̀nyí ń sìnkú ẹni tí kò tíì kú. Àwọn kejì ní ọkàn kì í darúgbó, ẹni tí ó bá ti láyà bí ti àná yóò ṣe bí ti àná. Àwọn wọ̀nyí ni yóò kó àgbà sí kòtò. Èmi kò fẹ́ láyà bí ti àná. Ẹ̀rù tí ń bà mí lónìí kò bà mí nígbà èwe, n kò sì pe ìyẹn ní ìgboyà mọ́. N kò tíì rí ẹni tí ẹṣin tẹ̀ ní àyà nígbà náà, n kò tíì jókòó ti ẹni tí ó dùbúlẹ̀ látorí ìṣubú. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ni ó wà, ẹ̀rù yìí sì wà lábẹ́ ewé tèmi. Òun ni ó ń mú ìka méjì bọ abẹ́ ọ̀já. Òun ni ó ń mú ẹni tí ó ti fò fún ìdajì ayé rẹ̀ tẹ́ ara sílẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé kí wọ́n lè yẹ ìkọ́ rẹ̀ wò. Ẹni tí ẹ̀rù bà tí ó sì sá lọ, ojo ni. Ẹni tí ẹ̀rù bà tí ó sì tún gàárì fún, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Ó sì kàn mí pé kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ padà, nítorí ẹṣin ń dín kù. Alùpùpù ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ní oko àti ní ọjà. Ọkà bàbà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí yóò jẹ, owó ni. Ilé tí ń so ẹṣin mọ́ ẹnu ọ̀nà láyé àwọn baba wa ń so ewúrẹ́ báyìí. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ó kù lórí pápá, wọn yóò mọ eré, ta ni yóò kọ́ wọn ní ìdúró? Àgbà tí ó padà kò lè sáré bí wọ́n ti ń sáré, ṣùgbọ́n ó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kí ó wí fún ọmọkùnrin kan pé ọwọ́ rẹ̀ ti le jù, ẹnu ẹṣin ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ó rọ̀ ọ́. Owó tí ó ń san fún oúnjẹ ẹṣin kan náà kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú ẹṣin, ti pàṣẹ fún mi pé n kò ní sáré ní Gààní tí ń bọ̀. Ìrìn ni èmi àti ẹṣin pupa yóò fi kọjá, láàrin àwọn tí ń tẹ̀ lé kàkàkí. Mo ti gbà. Mo ti san owó ọkà rẹ̀ títí oṣù náà yóò fi parí, aṣọ ìbora rẹ̀ wà lọ́wọ́ aránṣọ kan lẹ́yìn Arzeke, ọ̀já ikùn tuntun sì wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ, nítorí nígbà tí a tẹ ti àtijọ́ wò lójú oòrùn, a rí i pé ó ti sán ní ibi méjì.